Ẹ Dán Ọwọ́ Wa Wò: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àjọ NBTE ní Kàdúná

Ẹ̀yin ọ̀gá wa ní National Board for Technical Education (NBTE), àjọ ìjọba tó ń mójú tó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àmójútó. Mẹkáníìkì ni mí ní Ìbàdàn, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ti ọwọ́ bọ ọ́ìlì. Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín yóò ní láti wá ẹni tí yóò bá wọn kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Bí ẹ bá ti ń wá ògbufọ̀ kiri, ẹ ti tọ́ díẹ̀ wò nínú ohun tí ọmọ iṣẹ́ mi tọ́ wò lọ́jọ́ ìdánwò mẹkáníìkì tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún un.

N óò débẹ̀. Ohun tó so èmi àti ìlú yín pọ̀ ni kí n kọ́kọ́ sọ. Péjò 504 ni mo fi kọ́ṣẹ́, Kàdúná tí ọ́físì yín wà sì ni wọ́n ti ń tò ó láti ọdún 1975. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi lọ́dún 1988, 504 ló kún ọgbà wa, ti onítakisí, ti olùkọ́, ti ìjọba. Etí la fi ń wo ọkọ̀ ayé ìgbà yẹn. Ọ̀gá mi á na ọwọ́ sókè pé ká dákẹ́, á tẹ́tí sí ẹ́ńjìnì bí ẹni tó ń gbọ́ ìfá, á sì sọ ohun tó ń ṣe é. Kábúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, bá dí, a ó tú u, a ó fi ẹnu fẹ́ ẹ, a ó dà á padà. Ọdún márùn-ún ni mo lò kí n tó gba fírídọ̀mù.

Kí n tó lọ kọ́ṣẹ́, mo ṣe sẹ́kọ́ńdìrì kékeré fún ọdún mẹ́ta. Àwa la bọ́ sínú ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1982, tí wọ́n ní gbogbo ọmọ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ nǹkan ṣe. Wọ́n kó ẹ̀rọ wá láti òkè òkun lóòótọ́. Ní ilé ìwé tiwa, inú àpótí pákó tí wọ́n fi kó o wá ló wà títí mo fi jáde. Iná ò sí, olùkọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó ò sí. Orí àpótí yẹn la máa ń jókòó sí jẹ ẹ̀wà ní ọ̀sán. Nítorí náà, bí mo bá gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba tún fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀wà yẹn ni mo máa ń rántí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ tẹ́mósítáàtì ṣàlàyé ohun tó wà níkùn mi. Ó tì mí lójú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n wo egbò òun sàn kì í fi aṣọ bò ó. Tẹ́mósítáàtì ni ohun kékeré tó máa ń wà lójú ọ̀nà omi láàárín ẹ́ńjìnì àti rédíétọ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá tutù, á pa ilẹ̀kùn dé kí omi má lọ sí rédíétọ̀, kí ẹ́ńjìnì lè tètè yá. Bó bá yá tán, á ṣílẹ̀kùn. Ọ̀gá mi kì í fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kankan. Bí ọkọ̀ bá ti ń gbóná jù, ohun àkọ́kọ́ tí yóò yọ sọnù nìyẹn. Ó ní àwọn òyìnbó tí yìnyín ń bọ́ lé lórí ló nílò rẹ̀, pé oòrùn tiwa kò fẹ́ ẹ. Mo gbà á gbọ́, mo sì kọ́ àwọn ọmọ tèmi bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sí ọgbà mẹkáníìkì èyíkéyìí láti ibi títí dé Ládípọ̀ l'Ékòó, ẹ ó bá a lórí ààtàn.

Ìgbà tó yá, ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ní brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, dé. Kábúrétọ̀ kásẹ̀ nílẹ̀, ìnjẹ́tọ̀ gba ipò rẹ̀. A ṣì ń yọ tẹ́mósítáàtì. Àwọn oníbàárà ń ráhùn pé ọkọ̀ àwọn ń mu epo bí ẹni ń mu omi, àwa ní epo àdàlù ni. Ọdún mẹ́wàá gbáko la fi ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba ló gbé Camry rẹ̀ wá pé ká bá òun pààrọ̀ búṣì. Ó rí i tí ọmọ iṣẹ́ kan ju tẹ́mósítáàtì ọkọ̀ ẹlòmíràn sínú pàǹtí. Kò bá mi jà, kò sì fi mí ṣẹ̀sín lójú àwọn ọmọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó mú igi, ó ya ẹ́ńjìnì sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ta ló ń sọ fún brain box pé ẹ́ńjìnì ti gbóná?"

Mo ní sẹ́ńsọ̀ inú omi ni.

"Bí omi náà kò bá wá gbóná tó bó ṣe yẹ ńkọ́, torí pé kò sí ẹni tó pa ilẹ̀kùn mọ́ ọn?"

Mo dákẹ́. Ó ní, "Ọ̀sán gangan ni o, ṣùgbọ́n brain box á máa rò pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Á máa da epo sí i bí ẹni tó ń dáná òwúrọ̀ pẹ̀lú igi tútù."

Mo ní, ọkọ̀ tó ń gbóná ńkọ́? Ó ní kí n lọ wo fáànù, kí n wo rédíétọ̀ bóyá ó dí, kí n wo ibi tí omi ti ń jò, kí n wo gásíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní tẹ́mósítáàtì máa ń bàjẹ́ lóòótọ́, pé bó bá bàjẹ́, kí n fi tuntun sí i. Gbogbo rẹ̀ kò tó ogún ìṣẹ́jú. Ohun tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ tí mo ti gba fírídọ̀mù dópin ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, lórí àwòrán tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ nù nù kí alẹ́ tó lẹ́.

Sikánà mi, ẹ̀rọ tí a fi ń ka ohun tó ń ṣe ọkọ̀, ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi tipẹ́ o! Gbogbo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ojú ihò kan náà tí a ń ti sikánà bọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa ti ń wá. P0128 ni kóòdù tó máa ń jáde bí ẹ́ńjìnì kò bá yá tó bó ṣe yẹ. Mo ti rí i tó ìgbà tí n kò lè kà. Ṣe ni mo máa ń pa á rẹ́, kí iná ojú dáṣíbọ́ọ̀dù kú, kí oníbàárà sanwó.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi kọ́ àwọn ọmọ. Mo ní brain box ni kábíyèsí, kò kúrò láàfin, kò fi ojú ara rẹ̀ rí nǹkan kan. Àwọn sẹ́ńsọ̀ ni olófòófó tó rán sí ìgboro. Èyí tó wà lójú sàléńsà, èéfín ló ń gbóòórùn rẹ̀, á lọ sọ fún kábíyèsí pé epo pọ̀ jù tàbí pé ó kéré jù. Bí wáyà olófòófó bá já, kábíyèsí á máa fi àbá ṣèjọba, èéfín dúdú á máa tú, owó epo á máa lọ. Ọmọ tí kò ka ìwé kọjá ìpele kẹfà gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kò gbàgbé mọ́. Ó wá ń bi mí pé bí olófòófó bá ń parọ́ ńkọ́? Mo bẹ́ sẹ́rìn-ín. Ìbéèrè gidi ni, nítorí pé sẹ́ńsọ̀ tó ń parọ́ le láti mú ju èyí tó kú lọ.

Ọmọ tó béèrè yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ kàn. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà wa Corolla wọlé, ọmọ yìí wà lẹ́yìn ilé tó ń fọwọ́. Ó pariwo látibẹ̀: "Ọ̀gá, ẹyọ kan ò jó nínú ọkọ̀ yẹn o." Kí n tó tan sikánà, ó ti ń yọ wáyà kọ́ìlì, èyí tó ń ṣáná sí epo nínú ihò ẹ́ńjìnì kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yọ àkọ́kọ́, ìró ẹ́ńjìnì yí padà. Ó yọ ìkejì, ó yí padà. Ó yọ ìkẹta, ẹ́ńjìnì ò mira. Ó ní òun nìyẹn. Ìgbà tí sikánà máa fèsì, P0303 ló gbé jáde: ìkẹta ni kò jó.

Èmi ni mo fi owó ara mi sílẹ̀ pé kó lọ ṣe ìdánwò ìwé ẹ̀rí oníṣẹ́ ọwọ́, níbì kan tí n kò ní dárúkọ. Kì í ṣe ọ́físì yín o, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Wọ́n gbé ìwé fún un, ìbéèrè 40, Gẹ̀ẹ́sì látòkè délẹ̀. Ó ní òun dá àwòrán tó wà níbẹ̀ mọ̀, pé bíréèkì ni, ṣùgbọ́n òun ò mọ ohun tí wọ́n ń bi òun nípa rẹ̀. Ọmọkùnrin tó jókòó tì í, tó jẹ́ pé ìwé ló kà wá, tó sọ fún un fúnra rẹ̀ pé òun ò tú táyà rí, yege. Nígbà tó di abala iṣẹ́ ọwọ́, kò sí ọkọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n kọ orúkọ irinṣẹ́ mẹ́wàá sílẹ̀. Ó padà dé, ó wọ aṣọ iṣẹ́, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí a fi ti ṣọ́ọ̀bù.

Mo mọ̀ pé ètò tiyín kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ṣàlàyé NSQF, ètò ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba, fún wa nípàdé ẹgbẹ́: pé ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i lọ́dún 2013, pé ìpele mẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pé ẹni tí kò tẹ ilé ẹ̀kọ́ rí lè gba ìwé ẹ̀rí bí olùyẹ̀wò bá ti fojú rí i pé ó mọ iṣẹ́ náà. Inú mi dùn. Mo ní, àwọn wọ̀nyí ti gbọ́ ohun tó ń dùn wá. Àfi ìgbà tí mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí ìwé ìlànà iṣẹ́ mẹkáníìkì. Gẹ̀ẹ́sì ni, ó gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Ẹ̀rí tí oníṣẹ́ yóò kó jọ síwájú olùyẹ̀wò náà, kíkọ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún wa, ẹ sì gbé àkàbà tí a ó fi gùn dé ẹnu ilẹ̀kùn náà pamọ́.

Ẹni bá ní a ò lè fi Yorùbá kọ́ ènìyàn ní ìmọ̀ ẹ̀rọ, kó bi Ilé-Ifẹ̀ léèrè. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì wá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ fún wọn. Àwọn ọmọ náà ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ. Ọkùnrin yìí kan náà di Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lẹ́yìn náà. Lọ́dún 2022, ìjọba fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣekágbá níbi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí. Èmi kì í ṣe olùkọ́ ilé ìwé, n kò ní bá wọn jiyàn lórí ọmọ kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni ogún ọdún tó ti di sípánà mú, WAEC wo ló wà níwájú rẹ̀?

Ẹ má rò pé mo ní Gẹ̀ẹ́sì ò wúlò. Ó wúlò. Ìwé tó ń bá ẹ̀rọ wá, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọmọ iṣẹ́ mi tó bá fẹ́ gòkè á kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, bí èmi náà ṣe kọ́ ọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń yẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ pè é ní ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, kí n má baà máa náwó mi sórí rẹ̀.

Àwọn aládùúgbò wa ti ronú lé nǹkan yìí. Gbogbo ẹni tó ti kọ́lé ní Ìbàdàn tàbí l'Ékòó ló mọ̀ pé bó bá kan táìsì lílẹ̀, ọmọ Kùtọnù tàbí ọmọ Tógò ni wọ́n á ní kó o lọ wá. Inú máa ń bí àwọn birikílà wa, wọ́n á ní a ń fi iṣẹ́ ilé fún ará ìta. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè Benin, ìwé ẹ̀rí kan wà tí wọ́n ń pè ní CQP. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni ọmọ iṣẹ́ á wà, bíi tiwa gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n á máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, fún ọdún mẹ́ta, ìjọba á sì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ níkẹyìn. Ní Tógò náà, ìjọba ń ṣe ìdánwò fún ọmọ tó bá parí iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Wọn kò fọ́ ilé àwọn ọ̀gá láti kọ́ ilé tuntun. N kò sọ pé ibẹ̀ nìkan ni ọgbọ́n táìsì lílẹ̀ ti wá o. Ṣùgbọ́n kí ni tiwa fi yàtọ̀? Fírídọ̀mù wa, àdúrà, ìrẹsì, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àti ìwé tí a fi gíláàsì bò tí báńkì kankan kò ní wò lẹ́ẹ̀mejì.

Àwa ọ̀gá náà jẹ̀bi, mi ò ní parọ́. Ọ̀pọ̀ wa ni ọmọ iṣẹ́ ń fọ aṣọ ìyàwó rẹ̀, tó ń fa omi, tó ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé fún ọdún kan kó tó fọwọ́ kan bóòtù. Àwọn kan máa ń fi iṣẹ́ pamọ́ kí ọmọ má baà mọ̀ ọ́n jù. Bí fírídọ̀mù bá ti súnmọ́, owó tí wọ́n á máa bu lé òbí lórí á mú kí ọmọ sá lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọmọ kò wá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Màrúwà wà níta tó ń pa owó lóòjọ́, àwọn tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ń ṣe yáhù wà níbẹ̀. Ta ló fẹ́ fi ọdún mẹ́rin sin ẹnìkan nítorí ìwé inú gíláàsì? Ká ní ìwé yín wà ní òpin rẹ̀ ni, tí ẹ sì ń wá wo ohun tí ọmọ ń kọ́ lọ́dọ̀ mi, ojú á ti èmi náà láti rán an lọ fọṣọ.

Owó ńkọ́? ITF, àjọ ìjọba fún iṣẹ́ kíkọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1971, tí olú ọ́físì rẹ̀ wà ní Jos, ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ wọn, fún iṣẹ́ kíkọ́. Ṣọ́ọ̀bù tèmi kéré ju ẹni tí wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, nítorí náà a ò san, a ò sì gbà. Inú irú ṣọ́ọ̀bù yìí náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kọ́ṣẹ́ ní ìlú yìí. Ẹ̀yin àti àwọn lẹ jọ ń jókòó ìpàdé, ẹ bá wa sọ ọ́ níbẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n má lè dákẹ́ mọ́ ni CNG, gáàsì tí wọ́n ń fún pọ̀ sínú sílíńdà láti fi wa ọkọ̀. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ìjọba ní ká máa yí ọkọ̀ padà sí gáàsì. Ó dára, ó dín owó kù. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: táyà ọkọ̀ kékeré ń gba bíi 32 lójú géèjì wa. Sílíńdà CNG, lójú géèjì kan náà, ń gba tó 3,000. Èyí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ẹnu fẹ́ bíi kábúrétọ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ọ̀kan bú gbàmù níbi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì ní Benin City, àwọn èèyàn fara pa. Àwọn aláṣẹ ní wẹ́dà ti jó sílíńdà náà pọ̀, pé kì í ṣe èyí tó yẹ fún CNG. Gbogbo ènìyàn bú wẹ́dà náà. Èmi bi ara mi pé, ní èdè wo ni ẹnikẹ́ni ti jókòó sọ fún un rí pé sílíńdà yìí yàtọ̀ sí ti gáàsì ìdáná?

Ẹ ní kí àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ máa jáde wá sí ọgbà wa, ẹ san owó ọ̀sán kan fún wọn lọ́sẹ̀, kí wọ́n mú igi, kí wọ́n yàwòrán sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ túmọ̀ ìwé ìlànà sí Yorùbá, Hausa àti Ìgbò. Ẹ ká ohùn rẹ̀ sórí fóònù pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀pọ̀ wa tí kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì kò lè ka Yorùbá náà dáadáa. WhatsApp la fi ń gbọ́ gbogbo nǹkan. Kí olùyẹ̀wò wá bá ọmọ lẹ́nu iṣẹ́, kó ba nǹkan jẹ́ lára ọkọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kó ní kó wá a rí, kó sì sọ ìdí rẹ̀ ní èdè tó fi ń lálàá. Kó kọ èsì rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì fún fáìlì yín bó bá wù ú, ìyẹn ò kàn wá.

Ọmọ iṣẹ́ mi tún ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò mìíràn. Ó gé páálí Indomie, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń kó jáàkì sí, ó ń kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún sí i lójoojúmọ́. Lánàá, ó wà lábẹ́ ọkọ̀, ó ké sí mi: "Ọ̀gá, kí ni wọ́n ń pe rédíétọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì?"

Mo ní rédíétọ̀ náà ni. Kò gbà mí gbọ́. Ó yọ orí jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó wò mí bóyá mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó rí i pé òótọ́ ni, ó ní, "Àṣé mo ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tipẹ́," ó sì padà sábẹ́ ọkọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Mẹkáníìkì kan ní Ìbàdàn.